Gílóòbù Tuntun, Owó Iná Àtijọ́: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ilé Ọ́fíìsì Kan

Ẹ̀sùn ni wọ́n fi pè wá. Ilé iṣẹ́ kan ti tú gbogbo ọ̀pá fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì inú ọ́fíìsì wọn kúrò, wọ́n fi LED rọ́pò wọn, wọ́n wá ń retí kí owó iná já wálẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, ó wálẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin, ó ti ń rọra gòkè padà. Alábòójútó ilé, bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, ti dá ẹjọ́ kí a tó dé. "Ẹ̀ńjíníà, ayédèrú ni wọ́n tà fún wa," ni wọ́n wí. "Ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí nìkan ló kù, kí n fi lọ ká ẹni tó tà á mọ́lé."

A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa láyè ká kọ́kọ́ wọn ọ̀pá náà wò.

Ilé náà

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípele mẹ́ta ni. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ náà ni yàrá fáìlì wà. Ìpele kejì jẹ́ gbọ̀ngàn gbalasa kan, tábìlì lórí tábìlì, pákó tó ga dé èjìká ni wọ́n fi pín àwọn òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ọ̀gá àti yàrá ìpàdé wà lókè pátápátá. Fèrèsé ńláńlá wà ní ìhà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Síbẹ̀, bí èèyàn bá wọlé ní ọ̀sán gangan, á bá gbogbo iná ní títàn, á sì bá bíláǹdì ní títì mọ́ gbogbo fèrèsé.

Kí wọ́n tó pààrọ̀ iná, ọ̀pá méjì ló wà nínú fítìn (ilé tí ọ̀pá iná ń wọ̀) kọ̀ọ̀kan, 36 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ṣóòkù olóòfà, tó ń ṣàkóso iná tó ń wọ ọ̀pá, àti sítátà, tó ń bá a tàn. Ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá kọ́ ni gbogbo ohun tó ń jẹ, nítorí ṣóòkù ń jẹ tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀, bíi 9 sí 10 wáàtì lórí ọ̀pá kan. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, fítìn kan á máa jẹ tó 90 wáàtì. Ọ̀pá LED tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ 18 wáàtì, méjì jẹ́ 36. Láti 90 sí 36, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti lọ nìyẹn. Ìṣirò yìí ni ẹni tó ta ọjà fi hàn wọ́n, ìṣirò náà kò sì ní àbùkù. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀pá kò jẹ̀bi

A yọ ọ̀pá mélòó kan láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a gbé wọn sórí mítà wáàtì. Gbogbo wọn ń jẹ ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. A tún wo bí wọ́n ṣe so wọ́n. Nínú àwọn fítìn kan, oníṣẹ́ iná ti yọ ṣóòkù kúrò lójú ọ̀nà, iná ń lọ tààrà sí ọ̀pá. Nínú àwọn mìíràn, ó fi ṣóòkù sílẹ̀, ó kàn fi sítátà ti LED rọ́pò ti àtijọ́. Ṣóòkù tó kù síbẹ̀ á ṣì máa jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni, kò lè jẹ́ òun ló ń gbé owó iná sókè. Ewu ló wà nínú àdàlù yẹn ju owó lọ: lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀pá, kò ní mọ fítìn tó ṣì wà bó ṣe wà àti èyí tí wọ́n ti tún wáyà rẹ̀ ṣe. A ní kí wọ́n lẹ àmì mọ́ inú fítìn kọ̀ọ̀kan.

Ìwé ilé ìkẹ́rùsí ló kọ́kọ́ là wá lójú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dáwọ́ ríra ọ̀pá fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì dúró, torí wọ́n mọ̀ pé LED ń bọ̀. Èyí tó bá kú, wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fítìn, ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń tàn títí di ọjọ́ tí wọ́n tú wọn. Ìṣirò ẹni tó ta ọjà gbà pé fítìn kọ̀ọ̀kan ń jẹ 90 wáàtì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àìmọye wọn ni kò jẹ ju 45 lọ. Nígbà tí LED dé, gbogbo ojú tó ti fọ́ ló là. Láti 45 sí 36 kì í ṣe èrè tí ẹnikẹ́ni ń tìtorí rẹ̀ jó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí òun máa dín kù, ohun tó ń tàn ni kó kà, kó má ka ohun tó kàn rọ̀ sí àjà. Ó sì dáa kí oníbàárà àti olùtajà jọ kà á, kí wọ́n jọ kọ orúkọ sí i, kí wọ́n tó tú ẹyọ kan.

Ohun tí a rí yìí ṣàlàyé ìdí tí owó kò fi wálẹ̀ tó bí wọ́n ṣe retí. Kò ṣàlàyé ìdí tó fi ń gòkè padà.

Iná tó ń mọ́jú

A so mítà tó máa ń kọ ohun tó bá kà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́ wáyà iná ìpele kọ̀ọ̀kan nínú bọ́ọ̀dù. A fi í síbẹ̀ títí òpin ọ̀sẹ̀ fi kọjá. Ẹ má ṣe yọ irú mítà bẹ́ẹ̀ kí òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá: ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sí níbi iṣẹ́ ni ilé máa ń jẹ́wọ́.

A retí pé ìlà tí mítà ń yà láti fi bí ilé ṣe ń jẹ iná hàn máa gòkè láàárọ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìpele kẹta ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ìpele kejì gòkè lọ́jọ́ Ajé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìgbà yẹn lọ, tọ̀sán-tòru, títí di Ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Àìkú pàápàá, apá kan rẹ̀ ṣì ń jẹ.

Wáàtì nìkan kọ́ ni a ń sanwó rẹ̀. Wáàtì tí a fi wákàtí sọ di púpọ̀ ni. Fítìn àtijọ́ tó ń jẹ 90 wáàtì, bó bá tàn fún wákàtí 10, á jẹ 0.9 kWh (kílówáàtì-wákàtí, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣírò owó iná). Fítìn LED tó ń jẹ 36, bó bá tàn láti àárọ̀ ọjọ́ kan di àárọ̀ ọjọ́ kejì, á jẹ 0.864 kWh. Ẹ wo bí méjèèjì ṣe sún mọ́ra tó. Ká ní wákàtí 10 náà ni LED tàn, 0.36 kWh péré ni ì bá jẹ. Mo kọ iye mẹ́ta yìí sórí bébà kan fún alábòójútó. Wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò. "Ta wá ni kì í pa á?" Ìbéèrè yẹn ló tún gbogbo iṣẹ́ náà tò. Láti ìgbà náà, ẹnu wọn kò gba orúkọ olùtajà mọ́.

A lọ síbẹ̀ lóru. Ọlọ́dẹ ni kì í pa á, àmọ́ ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn wà ní òpin kọ́rídọ̀ ìpele kejì, ó sì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá léraléra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó wáyà ilé náà so iná kọ́rídọ̀ pọ̀ mọ́ ti gbọ̀ngàn, ẹnu ọ̀nà iwájú nìkan ló sì gbé súwíìṣì wọn sí. Bí ọlọ́dẹ bá pa iná níwájú, inú òkùnkùn ni yóò gbà dé ẹ̀yìn. "Ọ̀gá, ẹ ò ní fẹ́ kí n já bọ́ lórí àtẹ̀gùn," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é nígbà tí fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì ṣì wà. Ó ní tọ́ọ̀ṣì lòun ń lò nígbà yẹn, torí bàbá alábòójútó kì í fojú rere wo ẹni tó bá fi iná sílẹ̀. Kí ló wá yí padà? Ó mú wa lọ síbi tí wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, igun rẹ̀ kan ti ká: INÁ LED NI A Ń LÒ BÁYÌÍ. KÌ Í JẸ INÁ.

Inú rere ni ẹni tó kọ ọ́ fi kọ ọ́. Ó fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ń ṣe nǹkan gidi. Gbogbo ilé ló kà á, gbogbo ilé ló sì gbà á gbọ́. Àwọn tó máa ń pa iná kí wọ́n tó lọ jẹun dáwọ́ dúró. Ẹni tó máa ń pariwo lé ẹni tí kò paná gbé ẹnu dákẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ nínú ilé náà. Ẹ̀rù owó iná ló kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn, wákàtí títàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn díẹ̀díẹ̀, lóṣù dé oṣù. Ìdí nìyẹn tí owó fi rọra gòkè dípò kó fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí i níbòmíràn lẹ́yìn ìgbà náà: ibi tí ẹ bá ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé iná tuntun "kì í jẹ nǹkan", ẹ wá mítà síbẹ̀.

Ohun tó ń gbé ìlà sókè kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Ajé tún yàtọ̀. Súwíìṣì mẹ́jọ ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Kò sí àmì lára èyíkéyìí, àyàfi ọ̀kan tí wọ́n fi téèpù pupa dì pa, tí kò sì sẹ́ni tó rántí ìdí rẹ̀ mọ́. Màmá tó ń gbálẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. A bi wọ́n pé èwo ni wọ́n máa ń tàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì fi gbá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ọmọ mi, bí mo bá ní kí n máa wá èyí tó jẹ́ ti ibi tí mò ń gbá, ilẹ̀ á mọ́ bá mi lẹ́nu ọ̀nà."

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀

Àmì ni a kọ́kọ́ ṣe. A tan súwíìṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, a kọ ibi tó ń tàn sílẹ̀, a ya àwòrán gbọ̀ngàn kékeré kan sókè wọn, a sì fi nọ́ńbà kan náà sí orí àwòrán àti ara súwíìṣì. Èyí tí wọ́n fi téèpù dì kò tan nǹkan kan. Wáyà rẹ̀ ti gé láti ìgbà tí wọ́n ti sún ògiri kan. Bébà orí ògiri náà wálẹ̀. Alábòójútó lẹ òmíràn síbẹ̀ tí wọ́n kọ iye mẹ́ta tí mo fi hàn wọ́n sí, láìfi ìkìlọ̀ kankan kún un. Ìyàtọ̀ hàn lórí mítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an: ìlà kò fò sókè mọ́ ní kùtùkùtù, ó ń gun òkè ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn bí àwọn èèyàn ṣe ń dé. A kò tíì ra ohunkóhun nígbà yẹn.

Lẹ́yìn náà ni a ya iná kọ́rídọ̀ kúrò lára ti gbọ̀ngàn. A fi súwíìṣì sí orí méjèèjì kọ́rídọ̀, kí ẹni tó tàn án níhìn-ín lè pa á lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ oníṣẹ́ iná lásán ni, kò ní ọgbọ́n àrà nínú, ṣùgbọ́n òun ló mú ìlà òru wálẹ̀ ju gbogbo ohun mìíràn tí a ṣe lọ. Iná pàjáwìrì tó ń fi ọ̀nà àbájáde hàn wà lórí wáyà tirẹ̀, a kò fọwọ́ kàn án. Mò ń sọ èyí nítorí mo ti rí ibi tí ìtara àtidín owó iná kù ti mú kí wọ́n so ó mọ́ súwíìṣì.

A sì gbé mítà lux kiri, èyí tó ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan ṣe pọ̀ tó. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán iná ń tẹ̀ lé, EN 12464-1, gbé 500 lux kalẹ̀ fún orí tábìlì tí èèyàn ti ń kàwé tó sì ń kọ̀wé, 300 fún ibi tí wọ́n ti ń to fáìlì, 100 fún kọ́rídọ̀. Kọ́rídọ̀ ìpele kejì lé ní 300, torí ẹni tó kọ́lé ra irú fítìn kan ṣoṣo fún gbogbo ilé. A yọ ọ̀pá kan kúrò nínú fítìn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Yàrá fáìlì ní tirẹ̀ yí wa lórí: iná rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n fi ń wá fáìlì. Ìgbà tí a gbójú sókè ni ọ̀rọ̀ yé wa. Wọ́n ti tún pẹpẹ fáìlì tò lẹ́yìn tí wọ́n ti kan iná, fítìn wá wà lórí pẹpẹ dípò kó wà lórí ọ̀nà tí èèyàn ń gbà láàárín wọn. Òkè pẹpẹ, níbi tí eruku nìkan ń gbé, ló ń gba ìmọ́lẹ̀. A sún fítìn bọ́ sórí ọ̀nà, ìdajì wọn sì tó.

Sẹ́ńsọ̀

Ọ̀gá pátápátá ti gbọ́ nípa sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná bí èèyàn bá wà, tó sì ń pa á bí kò bá sí, wọ́n sì fẹ́ kó wà níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. A dábàá pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èèyàn kì í pẹ́ sí: ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yàrá fáìlì, kọ́rídọ̀. Wọ́n gbà, wọ́n sì ní kí agbaṣẹ́ṣe wọn fi sí gbọ̀ngàn pẹ̀lú.

Irú sẹ́ńsọ̀ tó wọ́pọ̀ jù kò mọ èèyàn yàtọ̀. Ooru ara tó ń sún láti igun kan bọ́ sí ìkejì ló ń wò. Ó máa ń tètè rí ẹni tó gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń bọ̀ tààrà sí i, ó máa ń pẹ́ kó tó rí i. Ẹni tó jókòó tó ń fi ìka tẹ kọ̀ǹpútà lè má sí lójú rẹ̀ rárá, kò sì lè wo òdìkejì pákó. Òkè ẹnu ọ̀nà ni agbaṣẹ́ṣe kan sẹ́ńsọ̀ gbọ̀ngàn mọ́, ó sì ṣètò rẹ̀ pé bí kò bá rí ẹnikẹ́ni fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó pa iná.

Obìnrin kan tó ń ṣe ìṣirò owó ní igun ẹ̀yìn, lẹ́yìn pákó, ni iná kọ́kọ́ ń kú mọ́ lórí bí àwọn tó kù bá ti lọ jẹun. Á dìde, á ju apá sókè, iná á tàn. Á jókòó ti ìwé rẹ̀, kò ní pẹ́, iná á tún kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kan àwọn náà nírọ̀lẹ́. Nígbà tí a tún wo mítà, ìlà ìpele kejì ti tẹ́ pẹrẹsẹ padà láti àárọ̀ di alẹ́: ẹnì kan ti ní kí oníṣẹ́ iná so wáyà gba ẹ̀gbẹ́ sẹ́ńsọ̀ kọjá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n n kò bá wọn jà. Bí iná bá ń kú mọ́ èmi náà lórí lẹ́nu iṣẹ́, màá wá ẹni tó máa bá mi so ó kọjá.

Sẹ́ńsọ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀rọ amúlétutù nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀ ló ń tàn án jẹ, tí iná fi ń tàn sí yàrá òfìfo.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nígbẹ̀yìn rèé. A yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò lókè ẹnu ọ̀nà, a fi mélòó kan sí àjà, lórí tábìlì gan-an, kí ìkọ̀ọ̀kan máa ṣọ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. A fa àkókò rẹ̀ gùn dé ogún ìṣẹ́jú. Pàtàkì jù lọ, a gba agbára títàn lọ́wọ́ rẹ̀: ó lè pa iná, kò lè tàn án. Ẹni tó bá fẹ́ iná ni yóò tẹ súwíìṣì. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ń fúnra rẹ̀ tan iná, á tàn án fún ẹni tó kàn ń kọjá, á tàn án lọ́sàn-án tí oòrùn ń ràn wọlé. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn ni yóò na ọwọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní nà án, torí ó ti ríran tó. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti bínú sí sẹ́ńsọ̀ kò tún mẹ́nu kàn án mọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n tún so ó kọjá. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a fi àkókò kúkúrú sílẹ̀. Títàn àti pípa léraléra máa ń dín ẹ̀mí fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì kù, àmọ́ kò ṣe LED ní nǹkan kan.

Fèrèsé

Lábẹ́ òfuurufú tí ìkùukùu bò pàápàá, ìmọ́lẹ̀ ìta lè tó 10,000 lux. 500 là ń wá lórí tábìlì. Ó dá bí ẹni pé kò yẹ kí ìlà tábìlì tó sún mọ́ fèrèsé tan iná lọ́sàn-án rárá. A ya fítìn ìlà yẹn sọ́tọ̀ sórí súwíìṣì tirẹ̀, torí bí wọ́n ṣe wáyà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, súwíìṣì kọ̀ọ̀kan gba gbọ̀ngàn já láti fèrèsé dé àárín: ẹni tó wà lókùnkùn láàárín kò lè tan tirẹ̀ láìtan ti ẹni tó wà nínú oòrùn. Súwíìṣì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlà fèrèsé ni, kó má dábùú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìta tó wúlò kì í wọlé ju nǹkan bí ìlọ́po méjì gíga orí fèrèsé láti ilẹ̀ lọ, ibi tí a fi pààlà sí nìyẹn.

A ṣe é tán, kò sí ìyàtọ̀. Bíláǹdì ṣì wà ní títì, iná ìlà fèrèsé ṣì ń tàn.

A bi àwọn tó jókòó níbẹ̀. Tábìlì wọn kọjú sí fèrèsé, tàbí kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹni tó kọjú sí i, oòrùn ń ta á lójú lókè kọ̀ǹpútà. Ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí i, fèrèsé ń hàn nínú ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Láàárọ̀ ni ìhà ìlà-oòrùn máa ń ti bíláǹdì, kò sì sí ẹni tó máa ń rántí ṣí i bí oòrùn bá ti kọjá sókè. Bí bíláǹdì bá ti tì, ilé á ṣókùnkùn, iná á tàn. Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ tún èyí ṣe? A bá wọn yí tábìlì, kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ wọn. A kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè yí ewé bíláǹdì sókè, kí ìmọ́lẹ̀ máa lọ bá àjà kó tó bọ́ sórí tábìlì, láìtì í pátápátá. Àwọn mélòó kan kọ̀ láti sún, a sì fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí tábìlì yí tán ni súwíìṣì tí a ti yà sọ́tọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí iṣẹ́ ṣe.

Ẹ̀dùn ọkàn kan ṣẹ́ kù láàárín gbọ̀ngàn: wọ́n ní ibẹ̀ ṣú. Mítà lux ní kò ṣú, 500 pé lórí tábìlì. Àwọn méjèèjì ló jàre. Gbogbo ara fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì ló máa ń tàn yípo, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sókè ògiri àti àjà. Ọ̀pá LED ń kọjú sí ilẹ̀. Tábìlì mọ́lẹ̀, òkè ògiri dúdú, ojú èèyàn sì ń fi ògiri mọ bí yàrá ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ògiri náà tún jẹ́ àwọ̀ igi tó ṣú. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, ẹjọ́ parí. Bí kì í bá ṣe ọ̀dà yẹn ni, wọn ì bá ti fi fítìn kún fítìn.

Àwọn tó kù

Ọ̀pá àtijọ́ wà níbi tí wọ́n tò wọ́n jọ sí lábẹ́ àtẹ̀gùn, àwọn kan ti fọ́. Mẹ́kúrì wà nínú wọn. Mílígíráàmù díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń kó mọ́ pàǹtí. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Minamata ti 2013, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, fẹnu kò ní 2023 pé kí ṣíṣe irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ àti kíkó o wọ̀lú dópin kí 2027 tó parí. Irú ilé bí èyí á pọ̀ sí i nígbà náà. Bí ẹ bá ń kọ ìwé iṣẹ́ fún pípààrọ̀ iná, ẹ kọ ẹni tí yóò kó ọ̀pá àtijọ́ àti ibi tí yóò kó o lọ sínú rẹ̀.

Ìpele kẹta ni kò tíì yanjú. Gílóòbù hálójìn kéékèèké tó gbóná bí ààrò ló wà nínú yàrá ìpàdé, lórí súwíìṣì oníyíyí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Wọ́n fi LED rọ́pò wọn, ó sì ń ṣẹ́jú pàápàá bí wọ́n bá yí i wálẹ̀. Wọ́n dá gílóòbù lẹ́bi, wọ́n dá hálójìn padà. Gílóòbù kọ́. Hálójìn tó ń jẹ wáàtì púpọ̀ ni wọ́n ṣe súwíìṣì àtijọ́ yẹn fún. Ó ní iye wáàtì tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ rí kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, gbogbo LED yàrá náà lápapọ̀ kò sì tó o. Súwíìṣì tí wọ́n ṣe fún LED ló yẹ kó ṣáájú gílóòbù wọ yàrá náà. Kí ẹ tó ra á, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún iye wáàtì tó kéré jù àti tó pọ̀ jù, ẹ ro wáàtì LED tí yóò wà lórí rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì dán gílóòbù kan náà tí ẹ fẹ́ lò wò lórí rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tó kan ìyókù.